Àjàrà Tí Kò Lórúkọ Lẹ́yìn Ilé Wa

Ẹ má tíì gbé igbá yín sẹ́nu. Mo mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ yín, ẹ̀yin ènìyàn mi, mo sì mọ̀ pé ìfófòó orí ọtí náà ń pe yín ní orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí yóò mu ọtí yìí lábẹ́ igi ọ̀dán tèmi, yóò kọ́kọ́ gbọ́ ibi tí ìkorò inú rẹ̀ ti wá. Èmi ni Ọdẹ́jáyì, ọmọ Ọdẹ́gbàmí, ẹni tí wọ́n rì bọmi tí wọ́n sọ ní Sílà. Ẹfọ̀n gbọ́ orúkọ mi, ó fi koríko ẹnu rẹ̀ sílẹ̀. Ìkookò gbọ́ ikọ́ mi, ó pọn ọmọ rẹ̀ ó sá lọ.

"Bàbá, ìkookò kì í pọn ọmọ."

Ta nìyẹn? Abíọ́nà! Ìwọ tí òkété lé kúrò lórí ebè iṣu ara rẹ, ìwọ ni yóò kọ́ mi ní ìṣe ìkookò? Jókòó jẹ́ẹ́. Orúkọ rẹ ń bọ̀ nínú ìtàn yìí, tí mo bá sì dé ibẹ̀, a ó mọ̀ bí wàá ṣe tún lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Nígbà tí apá mi ṣì le, èmi àti àbúrò mi obìnrin, Fẹ̀yìntọlá, la jọ ń gbé inú ilé tí ìyá wa fi sílẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú, Ọlọ́run kò sì fún un lọ́mọ, nítorí náà èmi ni ọkọ, èmi ni ọmọ, èmi ni ẹ̀gbọ́n. Ọtí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. A rẹ àgbàdo sómi, a fi ewé bò ó títí yóò fi hù, a sá a, a lọ̀ ọ́, a sè é, a sẹ́ ẹ, a sì fi í sílẹ̀ kí ó máa hó. Bí ìkòkò bá ti wà lórí iná, orin ìyìn ni yóò máa kọ. Ohùn rẹ̀ kò dára, kí Ọlọ́run dárí jì mí, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ ohùn mìíràn tó ń mú ilé gbóná bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ilé wa, àjàrà kan fà mọ́ ọgbà. Ìyá wa ló gbìn ín. Ibi tí ó ti mú un wá, kò sọ. Orúkọ tí ó ń jẹ́, kò sọ. Ikú sì dé kí a tó rántí béèrè. Òdòdó rẹ̀ dà bí akika kéékèèké tó ká ara wọn jọ, ìpẹ́ lórí ìpẹ́. Bí o bá fọ́ ọ, ẹ̀tù pupa rúsúrúsú a lẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́, òórùn rẹ̀ a sì wọnú imú bí ìgbà tí òjò bá rọ̀ sórí igbó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán. Mo ti gbé e lọ fún àwọn tó ń ta ewé lọ́jà. Wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n ní àwọn kò mọ̀ ọ́n.

Lọ́dún kan, ooru mú gan-an, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ gbogbo ìlú sì ń kan kí ọjà tó tú. Fẹ̀yìntọlá já òdòdó náà, ó jù ú sínú ìkòkò tó ń hó. Ọtí náà kò kan. Ó korò díẹ̀ bí orógbó, lẹ́yìn náà ni adùn àgbàdo á tẹ̀lé e bọ̀ bí ọmọ tó ń tọ ìyá rẹ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó bá mu ún láṣàálẹ́ a sùn bí ọmọ ọwọ́. Ìlú ya wá sílé wa. Àwọn àgbàlagbà kan kùn, wọ́n ní ewé tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, a kì í gbé e kaná. Ṣùgbọ́n igbá wà lọ́wọ́ wọn bí wọ́n ti ń kùn.

Nígbà ìkórè, Baálẹ̀ wa ránṣẹ́ pé kí Fẹ̀yìntọlá pọn ìkòkò ńlá kan fún òun, kí ó sì korò ju ti gbogbo ènìyàn lọ.

Àbúrò mi kúnlẹ̀. "Baba, bí mo ti ń fi í sí i yìí tó o. Bí ó bá pọ̀ jù, ojú oorun á wúwo."

"Ìwọ Fẹ̀yìntọlá, ṣé ìwọ ni yóò máa ṣọ́ ẹnu mi? Ohun tí tálákà ń mu náà ni kí èmi máa mu?"

Ó ṣe é bí wọ́n ti ní kí ó ṣe é. Ẹ sì mọ àṣà wa: ẹni tí ó gbé ọtí wá ní í kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ó bu ẹ̀kún àtẹ́lẹwọ́ kan, ó mu ún níwájú gbogbo wọn. Baálẹ̀ gba ìkòkò, ó mu ún kọjá ìdajì, ó yin Ọlọ́run, ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Kò dìde mọ́. Wọ́n pè é, kò dáhùn. Wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ sí imú rẹ̀, kò mì.

Ilé kún fún ariwo. Ọ̀tún Baálẹ̀, ẹni tí ó tẹ̀ lé e ní ipò, pe ìgbìmọ̀. "Obìnrin yìí, ewé wo lo fi sínú ọtí?"

"Baba, n kò mọ orúkọ rẹ̀."

Ẹ̀yin ará, òótọ́ ni ó sọ, òótọ́ náà sì ni ó dè é lọ́wọ́. Bí ó bá purọ́ orúkọ kan, bóyá wọn ì bá jẹ́ kí ó lọ.

Ọ̀tún fi ọ̀pá lu ilẹ̀. "Ẹ gbọ́! Ó fi ohun tí kò mọ orúkọ rẹ̀ bọ́ olórí ìlú!"

Mo bọ́ síwájú wọn pẹ̀lú ìbọn mi. Mo ní, "Ẹ̀yin àgbà, ẹ kì í kéde pé olórí ìlú ti lọ lọ́jọ́ tí ó lọ. Ẹ ó ti ilẹ̀kùn, ẹnì kan yóò jókòó tì í, ẹ ó sì dúró de àwọn ẹbí rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ fún mi ní àkókò yẹn. N óò wọ igbó, n óò wá orúkọ àjàrà yìí àti ẹ̀rọ̀ rẹ̀ wá. Ẹ ṣáà búra pé ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kan àbúrò mi."

Ọ̀tún gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè. "Mo búra. Kò sí ọwọ́ tí yóò kàn án títí wàá fi dé."

Fẹ̀yìntọlá sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ó fi òdòdó gbígbẹ díẹ̀ wé ewé fún mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má pẹ́ o."

Mo fi oríkì rẹ̀ dá a lóhùn. "Àwẹ̀ró, ṣé o mọ ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀? Igbó gan-an ni yóò máa sáré lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ìwọ ṣáà ti máa kọrin."

"Ohùn tí ẹ ní ó dà bí ti ewúrẹ́ tí òjò pa?"

"Òun náà ni. Kọ ọ́ dáadáa, kí n lè máa fi mọ ọ̀nà ilé."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mo gbé dání lọ.

Mo wọ Igbó Akìíwẹ̀yìn. Ẹ má bi mí bí ọ̀nà ti jìn tó. Ọ̀nà tí ẹ̀mí bá wà ní òpin rẹ̀, a kì í fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n. N kò tíì rìn jìnnà tí iwin kan fi dìde láàárín ọ̀nà. Jẹmátọ̀ọ́wò ni wọ́n ń pè é. Ẹnu mẹ́ta ló ní, ọ̀kan lójú, ọ̀kan láyà, ọ̀kan níkùn, ṣùgbọ́n ahọ́n kan kò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ń jẹ òkúta, ó ń jẹ ẹyẹ, ó ń jẹ ẹkùn pẹ̀lú awọ rẹ̀.

Ó bú ramúramù. "Ta nìyí tó ń rùn bí ẹ̀tù ìbọn?"

"Èmi ni oúnjẹ tí ń gbé olóúnjẹ mì!"

A wọ̀yá ìjà. Ó gbé mi, mo fi ẹsẹ̀ kọ́ igi. Mo gbé e, ó fi ikùn bu ilẹ̀ jẹ. Mo yìnbọn, ó gbé ọta mì, ó ní kí n tún yìn ín. Nígbà tí agbára mi ń tán lọ, mo ké pe Ẹni tí ó pa kìnnìún lẹ́nu mọ́ nínú ihò, ọwọ́ mi sì bọ́ sínú àpò, ó kan òdòdó àbúrò mi. Mo fọ́n ìdajì rẹ̀ sínú ẹnu rẹ̀ tó wà níkùn. Iwin dúró. Ó gbọn jìnnìjìnnì. Ní ìsàlẹ̀ ẹnu náà lọ́hùn-ún, mo rí ahọ́n kékeré kan tó ń yọ bí ẹ̀hù iṣu.

Iwin náà jókòó, ó bú sẹ́kún. "Ó korò! Ọdẹ, ó korò! Nǹkan ní adùn, nǹkan ní ìkorò, èmi kò sì mọ̀! Gbogbo ohun tí mo ti pa jẹ, n kò mọ èyí tó yẹ kí n dá sí!"

Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀ tó ń lá ọwọ́ ara rẹ̀. Ẹni tí kì í tọ́ nǹkan wò kò lè mọ ohun tí ó ń pa.

Ẹ rọra máa rẹ́rìn-ín. Ní ìlú tí mo dé lẹ́yìn náà, tipátipá ni wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín.

Ìlú Adùn-ún-tán ni. Oyin ni wọ́n fi rẹ́ ilé, ìrèké ni òpó wọn, kantíkantí ló sì ń ṣe aṣọ́bodè. Gbogbo ará ìlú ń rẹ́rìn-ín, àní ọkùnrin kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n ti ń gbé e lọ. Mo rí ihò gbọọrọ tí wọ́n gbẹ́ sí ẹ̀bá ọ̀nà.

Mo bi obìnrin kan. "Ìyá, kí lẹ fẹ́ gbìn síbẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹni tí ó bá sunkún ni. Ìlú wa kì í fẹ́ ohun tí kò dùn. Bí ojú ẹnì kan bá ti rẹ̀wẹ̀sì, ọjọ́ náà la ń sin ín, kí ó má baà bà wá nínú jẹ́."

"Kí ó tó kú?"

"Ta ni yóò jókòó máa wò ó bóyá ó ti kú? Ọdẹ, ẹ̀yin náà ẹ rẹ́rìn-ín, wọ́n ń wò yín o!"

Wọ́n mú mi dé ọ̀dọ̀ ọba wọn, ọkùnrin kan tó sanra bí àgbá oyin. Ó ní bí mo bá fẹ́ kọjá, n óò gbé oyin sẹ́nu, àwọn akéwì rẹ̀ yóò sì máa ka gbogbo òkú mi fún mi, ìyá mi, bàbá mi, ajá mi. Bí omijé kan bá bọ́, inú ihò ni wọn ó sin mí sí. Ẹ̀yin ará, ẹ̀mí tó fi ọdẹ ṣe mí kì í ṣe kékeré! Wọ́n ka ìyá mi, mo rẹ́rìn-ín. Wọ́n ka bàbá mi, mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n dé orí ajá mi, eyín mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́, ṣùgbọ́n mo rántí ohùn ewúrẹ́ tó ń dúró dè mí nílé, mo sì rẹ́rìn-ín sókè réré.

Ọba náà pàtẹ́wọ́. "Kí lò ń wá?"

Mo na òdòdó sí i. Ojú rẹ̀ yí padà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní, "Ìyá Àjàrà. A ti lé e. Ẹ̀yìn òkè níbi tí ẹnikẹ́ni nínú wa kì í wò ló wà. Gbé nǹkan yẹn kúrò níwájú mi!"

Ẹ̀yìn òkè náà dákẹ́ bí ìjọ tí a ti gbàdúrà tán. Arúgbó kan jókòó sórí àpáta. Irun orí rẹ̀ ni àjàrà wa gan-an, ó fà mọ́ igi gbogbo tó wà níbẹ̀, òdòdó rẹ̀ sì ń mì láìsí atẹ́gùn. Ó di ojú, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé mo dé.

Mo dọ̀bálẹ̀. "Ìyá, mo júbà."

"Ọmọ obìnrin tó já ẹ̀ka lára mi, dìde. Ó mú omi wá fún mi nígbà tí òùngbẹ ń gbẹ mí, mo sì fún un lẹ́ka kan. Dáhùn ìbéèrè mi kan kí n tó dáhùn tìrẹ. Kí ni ó ń dá alágbára lulẹ̀ láì bá a jà, tí ó tún ń gbé e dìde láì fọwọ́ kàn án?"

Mo ní, "Ọtí ni."

"Ọtí ń gbé ènìyàn dìde? Ọdẹ, ṣé ó ti gbé ìwọ dìde rí?"

Ojú tì mí. Mo wo ojú rẹ̀ tó dì, mo wo àyà rẹ̀ tó ń lọ sókè sódò bí omi àbàtà, mo sì rántí bí ìlú wa ti ń sùn bí ọmọ ọwọ́. Mo ní, "Ìyá, oorun ni."

Ó la ojú kan. "O ti sọ iṣẹ́ mi. Díẹ̀ lára mi ń fún ènìyàn ní ìsinmi. Ọ̀pọ̀ lára mi a gbé e lọ sí ìsàlẹ̀ oorun, níbi tí èémí ti tín-ín-rín bí òwú aláǹtakùn. Baálẹ̀ yín kò kú. Kò sí ẹ̀rọ̀ kankan. Ẹ jókòó tì í, ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ẹ má bo ojú rẹ̀. Yóò jí fúnra rẹ̀."

Mo fò sókè bí ọmọdé. "Orúkọ yín ńkọ́, Ìyá? Orúkọ ni mo ṣèlérí láti mú wá."

"N kò ní orúkọ. Ẹni tí ó bá san ohun tó pọ̀ jù lórí mi ni n óò jẹ́ orúkọ rẹ̀." Ó tún bi mí. "Obìnrin tí ó pọn ọtí náà, níbo ló wà?"

"Ó wà nílé, Ìyá. Wọ́n ti búra pé ọwọ́ kankan kò ní kàn án."

Arúgbó náà la ojú kejì, omi kún un. "Baálẹ̀ ní ẹni tó jókòó tì í. Òun ńkọ́, ta ló jókòó tì í? Sáré, ọdẹ. Sáré."

Mo sáré. N kò rí Ìlú Adùn-ún-tán, n kò rí iwin, igbó sá lábẹ́ ẹsẹ̀ mi gẹ́gẹ́ bí mo ti ṣèlérí. Mo dúró ní ẹnu ibodè láti gbọ́ ohùn orin. N kò gbọ́ nǹkan kan.

Ẹni tí mo kọ́kọ́ rí ni Baálẹ̀. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó ń mu ẹ̀kọ gbígbóná. Inú mi dùn débi pé mo kígbe. "Baba! Ẹ ti jí! Oorun ni, àbí? Mo mọ̀ pé oorun ni!"

Baálẹ̀ gbé igbá ẹ̀kọ sílẹ̀. Kò wò mí lójú. Ọ̀tún ni ó jáde láti inú ilé.

"Ọdẹ́jáyì, a kò fọwọ́ kàn án. Mo pa ìbúra mi mọ́. Àwọn ẹbí Baálẹ̀ dé, wọ́n ní ó tọ́ ọtí náà wò kíún ni. Wọ́n ní bí kò bá fi ibi sí i, kí ó mu ìyókù inú ìkòkò. A kàn gbé igbá fún un ni. Òun fúnra rẹ̀ ló mu ún. Ó ní ọtí òun kò ní ikú nínú. Ó ń kọrin bí ó ti ń mu ún."

"Níbo ló wà?"

"Ó ṣubú bí Baálẹ̀ ti ṣubú. A rò pé . . ."

"Níbo ló wà?"

"Òkú ìtìjú ni, Ọdẹ́jáyì. O mọ àṣà. A kì í tẹ́ ẹ sílé, a kì í ṣọ́ ọ, a kì í jẹ́ kí oòrùn wọ̀ bá a lókè ilẹ̀. A gbé e lọ sí igbó lọ́jọ́ náà. Bàbá ìjọ yín pàápàá kò jẹ́ kí wọ́n lu agogo."

Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọtí kan náà, oorun kan náà. Nítorí pé èkíní jẹ́ olórí, wọ́n ṣí fèrèsé fún un, wọ́n sì di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ó fi jí. Nítorí pé èkejì jẹ́ opó tó ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, wọ́n yára. Àwa tí a ti ń gbọ́ nílé ìjọsìn, láti ìgbà tí a ti wà lọ́mọdé, nípa ọmọdébìnrin tí Olúwa wa di lọ́wọ́ mú, tí ó ní sísùn ni ó ń sùn, tí gbogbo ilé sì fi í rẹ́rìn-ín! A mọ orin rẹ̀ lórí. Kò sí ẹnì kan tí ó rántí rẹ̀ lọ́jọ́ tí ó yẹ kí a rántí.

Abíọ́nà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni ọ́ nígbà náà. Ìwọ lo gbé ọkọ́ tẹ̀ lé mi nígbà tí àwọn yòókù dúró sẹ́yìn. Ìwọ lo bá mi wa ilẹ̀. Sọ fún wọn, ṣé mo ń purọ́?

"Ẹ kò purọ́, Bàbá."

Báwo ni wọ́n ṣe tẹ́ ẹ?

"Wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ lélẹ̀, Bàbá. Wọ́n fi ọ̀já di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì."

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ńkọ́?

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

Ọ̀já náà ti tú, àbúrò mi sì ti yí ẹ̀gbẹ́ padà. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó gbọ́n ti gbọ́.

Mo gbé e wálé. Mo tẹ́ ẹ sórí ẹní ìyá wa, mo ṣọ́ ọ, mo kọ gbogbo orin rẹ̀ fún un, bí ohùn mi náà kò ti dára. Baálẹ̀ wá fẹsẹ̀ rìn, ó dọ̀bálẹ̀ fún òkú opó ní ojú gbogbo ìlú. Ọ̀tún fi ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀, kò gbé e mọ́ títí ó fi kú. Láti ọjọ́ náà, ní ìlú yìí, bí ẹnikẹ́ni bá ṣubú, ìbáà jẹ́ olè, ìbáà jẹ́ àlejò tí a kò mọ ilé bàbá rẹ̀, ẹnì kan yóò jókòó tì í, yóò di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ara náà fúnra rẹ̀ yóò fi jẹ́rìí pé ó ti lọ. Àwa nìkan ni a ń ṣe é bẹ́ẹ̀ ní gbogbo agbègbè yìí. Àwọn ará ìta ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ṣe é.

Àjàrà náà sì ti ní orúkọ. Ẹ lọ bi ọmọdé èyíkéyìí lọ́jà, yóò sọ fún yín pé Fẹ̀yìntọlá ni, ọtí rẹ̀ sì ni ọtí Fẹ̀yìntọlá. Wọ́n ní kí n má sunkún mọ́, wọ́n ní orúkọ rẹ̀ kò ní parun láé. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n orúkọ kì í kọrin nídìí iná.

Èmi ni mo ń tọ́jú àjàrà náà lórí ọgbà. Èmi ni mo pọn ìkòkò tó wà láàárín yín yìí. Mo ti bá Ọlọ́run jà lórí rẹ̀, mo sì ti bá A rẹ́, nítorí kò sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn tí mo lè lọ. Mo gbàgbọ́ pé ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ọwọ́ kan tí kò yára sin ẹnikẹ́ni yóò di ọwọ́ rẹ̀ mú, ohùn ewúrẹ́ yẹn yóò sì tún dún.

Abíọ́nà, gbé igbá wá. Ẹni tí ó gbé ọtí wá ní í kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.

Ó korò.

Ẹ lè máa mu ún wàyí. Díẹ̀díẹ̀ o. Bí ẹnì kan bá sì sùn lọ nínú yín, kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú.